Mo gbé kámẹ́rà OM-1 lọ sí ìlú ẹni tó ṣe é: láti Tokyo dé Sakaide

Ọjọ́ Àìkú, Haneda (pápákọ̀ òfurufú Tokyo)

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni kí n kọ́kọ́ sọ o, torí òun ló lè ba gbogbo ìrìn-àjò jẹ́ fún àwa tá a ṣì ń ya fíìmù. Àwọn ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n fi ń wo inú báàgì ní pápákọ̀ òfurufú báyìí lágbára ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀ tó bá gba inú ẹ̀ kọjá lè bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ti tó. Mo yọ gbogbo fíìmù mi kúrò nínú páálí, mo kó wọn sínú ọ̀rá funfun téèyàn lè rí inú ẹ̀, mo wá bẹ àwọn tó ń yẹ ẹrù wò pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọwọ́ yẹ èyí wò fún mi. Wọ́n ṣe é, kò sí wàhálà.

Àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo tipẹ́, òun ló wá pàdé mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín èrò, "Ẹ káàbọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọ̀nà," kó tó dìde ojú ẹ̀ ti wà lára kámẹ́rà tó wà lọ́rùn mi. "Èyí náà lẹ gbé wá láti ìlú òyìnbó? Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?" Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kódà ilẹ̀ yín ló ti wá, mo kàn gbé e wá wolé ni.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Olympus OM-1 ni. Ọdún 1972 ló jáde, M-1 ni orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́, àmọ́ ilé-iṣẹ́ Leitz tó ń ṣe Leica ní Jámánì ní àwọn ti ní M1 tiwọn, ni Olympus bá fi O kún un. Láyé ìgbà yẹn, kámẹ́rà SLR, ìyẹn irú èyí tó ní díńgí nínú tó ń gbé ohun tí lẹ́ńsì rí wá sí ojú ẹni tó ń yà á, ẹrù gidi ni, ó tóbi, ó wúwo, ó sì ń pariwo gbàà nígbàkígbà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Yoshihisa Maitani tó ṣe OM-1 fẹ́ èyí téèyàn lè gbé kọ́rùn látàárọ̀ dalẹ́. Gíráàmù 510 ni wọ́n bá a dé láìka lẹ́ńsì, gíga ẹ̀ ò ju mílímítà 83 lọ, bẹ́ẹ̀ irin ni o, kì í ṣe rọ́bà. Ẹni tó ń rìn ni Maitani ní lọ́kàn nígbà tó ń ṣe é, èmi gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tó fi wù mí kí n fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹ̀ ní Tokyo kí n sì gbé e dé Sakaide níbi tí wọ́n bí ọkùnrin náà sí.

Ọjọ́ Ajé, Shinjuku àti Nakano

Bátìrì la kọ́kọ́ wá lọ sí Shinjuku. Ẹ má ṣì mí gbọ́, OM-1 ò nílò bátìrì kó tó ya fọ́tò, sípíríǹgì àti irin ló ń gbé gbogbo ẹ̀ ṣiṣẹ́, látorí sẹ́kọ́ńdì kan títí dé 1/1000. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń jẹ bátìrì. Bátìrì tí wọ́n ṣe é fún nígbà yẹn, mẹ́kúrì ló wà nínú ẹ̀, fóòtì 1.35, kò sì sí lọ́jà mọ́ torí májèlé ni mẹ́kúrì. Àwọn ará Japan mọ ìyà tí mẹ́kúrì fi jẹ wọ́n. Ní Minamata, ilé-iṣẹ́ kan ń da mẹ́kúrì sínú òkun, ẹja jẹ ẹ́, àwọn èèyàn jẹ ẹja, ọdún 1956 ni wọ́n kéde àìsàn náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú, àwọn ọmọ wà tó jẹ́ inú ìyá wọn ni wọ́n ti kó o. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2013 láti lé mẹ́kúrì kúrò nínú ọjà, orúkọ Minamata náà ló ń jẹ́. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ń ráhùn pé òun ò rí bátìrì kámẹ́rà òun rà mọ́, kó jọ̀ọ́ kó rántí àwọn èèyàn yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ki bátìrì 1.5 tó wọ́pọ̀ bọ inú ẹ̀, mítà á kàn máa ní ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, fọ́tò yín á wá ṣú. Ohun témi ń lò ni bátìrì táwọn àgbàlagbà ń fi sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́rọ̀, nọ́ńbà 675, PR44 ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀ ní Japan, ó sì wà káàkiri. Ó ní bébà pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, afẹ́fẹ́ máa wọ àwọn ihò kéékèèké tó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. Ó kéré sí ojú ihò kámẹ́rà, ẹ máa fi òrùka rọ́bà yí i ká kó má baà máa mì. Kì í tọ́jọ́, oṣù díẹ̀ ni, àmọ́ agbára ẹ̀ kì í ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe wà lónìí náà ló máa wà títí tó máa fi kú.

Láti Shinjuku a wọ tíréènì lọ Nakano. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kámẹ́rà àlòkù, ẹ mú owó dání tẹ́ ẹ bá ń lọ síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ má lọ rárá. Canon AE-1 ti 1976, Pentax K1000 ti 1976, Nikon FM ti 1977, gbogbo wọn tò sínú gíláàsì, wọ́n mọ́ nini, lára bébà kékeré tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n kọ gbogbo àléébù ẹ̀ sí, wọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Bàbá kan nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan rí èyí tó wà lọ́rùn mi, ó na ọwọ́ méjèèjì pé kí n gbé e fóun. Kò wo nọ́ńbà ẹ̀, kò bèèrè ibi tí mo ti rà á. Ó yọ lẹ́ńsì, ó kọjú ẹnu kámẹ́rà sí iná, ó wá fi ojú sí ihò ẹ̀yìn ó dákẹ́ ó ń wò. Àbúrò mi ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Bàbá ní àárín gíláàsì tó wà lókè, èyí tó ń yí àwòrán padà kó tó dé ojú wa, àti ìdérí ẹ̀, fóòmù wà níbẹ̀, fóòmù yẹn tó bá ti pẹ́ á jẹrà, á di ọ̀dà, á wá máa jẹ fàdákà tí wọ́n fi kun gíláàsì náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra OM-1, kó wo ibẹ̀ kó tó wo ohunkóhun, tó bá rí ìlà dúdú tàbí àbàwọ́n tó fẹjú nínú ẹ̀, kó tètè gbé e sílẹ̀. Tèmi mọ́, ẹnì kan ti yọ fóòmù náà kúrò kó tó dọ́wọ́ mi. Bàbá fọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún mi, ó tẹríba, èmi náà wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níbi tí mo dúró sí torí ẹni tó bí mi lọ́mọ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Hanzomon àti Yanaka

Àwọn mùsíọ́ọ̀mù ibí sábà máa ń tì lọ́jọ́ Ajé, ìyẹn la ṣe fi ti JCII, mùsíọ́ọ̀mù kámẹ́rà, sí òní. Ìtòsí ibùdókọ̀ Hanzomon ló wà, abẹ́ ilẹ̀ ni, 300 yen ni owó ìwọlé. Kámẹ́rà Giroux ti 1839 wà níbẹ̀, ọ̀kan lára kámẹ́rà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tà lọ́jà láyé yìí, àpótí igi ni, ó sì tóbi tó ohun téèyàn ń kó aṣọ sí.

Àmọ́ ibi témi pẹ́ sí jù ni iwájú àwọn ti 1959. Ọdún yẹn ni Nikon F jáde, ọdún yẹn náà ni Olympus Pen jáde, Maitani ló ṣe Pen, ọmọ ọdún 26 péré ni. Wọ́n ní kó ṣe kámẹ́rà tí wọ́n lè tà ní 6,000 yen, ó wá lo ìdajì ojú fíìmù fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, fíìmù tó yẹ kó ya 36 wá ń ya 72. Ẹ wò ó, fíìmù wọ́n nígbà náà, ó ro ti ẹni tí ò lówó lọ́wọ́, ó sì fún un ní fọ́tò ìlọ́po méjì láì fi lẹ́ńsì tí kò dáa sínú ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ọkùnrin yìí torí irú nǹkan báyìí.

Ọ̀sán la dé Yanaka, àdúgbò àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé onígi ẹ̀ ò jóná nígbà ogun. Inú itẹ́ òkú ibẹ̀ ni sàréè Tokugawa Yoshinobu wà, shogun, ìyẹn olórí ológun tó ń ṣàkóso ilẹ̀, tó jẹ kẹ́yìn ní Japan. Ọdún 1867 ló gbé agbára kalẹ̀, ó lọ jókòó sí Shizuoka, ẹ mọ ohun tó wá ń ṣe níbẹ̀? Fọ́tò ló ń yà! Ó ya oko, ó ya odò, ó ya àwọn èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ó ń yà á lọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú ní 1913. Òkìtì roboto ni sàréè ẹ̀, wọ́n ṣe ọgbà yí i ká, àtìta lèèyàn á ti wò ó. Mo ya ọ̀kan níbẹ̀, mo sì kí i.

Ológbò pọ̀ ní Yanaka. Ọ̀kan ń sùn lórí ògiri kúkúrú, mo sún mọ́ ọn débi tí lẹ́ńsì 50 mi lè sún mọ́ nǹkan dé, mo tẹ̀ ẹ́, ológbò ò ṣíjú. Ohun tí mò ń sọ lọ́jọ́ Àìkú nípa ariwo nìyẹn. Maitani fi nǹkan kan sínú kámẹ́rà yìí tó ń fi afẹ́fẹ́ gba agbára díńgí nígbà tó bá fò sókè, ìyẹn ló jẹ́ kí ohùn ẹ̀ rọ̀, ọwọ́ ò sì ní gbọ̀n. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́rin ààbọ̀ oòrùn ti wọ̀, ìparí Nọ́fẹ́ńbà la wà, ilẹ̀ ń tètè ṣú. A dúró lórí àtẹ̀gùn tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ọjà wọn, àbúrò mi ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ebi ń pa mí, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun," bẹ́ẹ̀ la ṣe kúrò.

Ọjọ́rú, ojú ọ̀nà

Shinkansen, tíréènì ayára, láti Tokyo sí Okayama, èmi nìkan lónìí, àbúrò mi padà síbi iṣẹ́. Ẹ gba síìtì E, ọwọ́ ọ̀tún ni, ibẹ̀ lẹ ti máa rí òkè Fuji tójú ọ̀run bá mọ́. Ó mọ́! Mo fi lẹ́ńsì sí f/8, ìyẹn nọ́ńbà bí ẹnu lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, mo yí òrùka dé 1/1000 torí eré tí tíréènì yẹn ń sá kì í ṣe kékeré, òpó iná ń gba iwájú mi kọjá wìì wìì, mo ya mélòó kan, mo wá gbé kámẹ́rà sílẹ̀ mo fojú ara mi wò ó.

Ní Okayama mo bọ́ sínú tíréènì Marine Liner. Bó ṣe ń kúrò lórí ilẹ̀ ni mo rí i pé omi ti wà lábẹ́ wa, afárá Seto nìyẹn, ọdún 1988 ni wọ́n ṣí i, afárá mẹ́fà ni wọ́n so pọ̀ láti erékùṣù kan sí òmíràn, mọ́tò ń gba òkè, tíréènì ń gba ìsàlẹ̀. Láàárín àwọn irin ńlá yẹn mo ń rí ọkọ̀ ojú omi, erékùṣù kéékèèké, oòrùn ìrọ̀lẹ́ lórí omi. Ṣáájú 1988, ọkọ̀ ojú omi ni tíréènì Japan gbẹ́kẹ̀ lé láti dé Shikoku, erékùṣù ńlá tí Sakaide wà, ọ̀nà omi náà ni Maitani á ti gbà jáde nílé nígbà tó ń lọ kàwé ní yunifásítì Waseda ní Tokyo. Kó tó parí ìwé ẹ̀ níbẹ̀ ó ti gba ìwé ẹ̀rí àṣẹ lórí kámẹ́rà kan tó ronú kàn fúnra ẹ̀, Eiichi Sakurai tó ti ń ṣe kámẹ́rà fún Olympus tipẹ́ rí i, ó ní kó máa bọ̀, ọdún 1956 ló wọ ilé-iṣẹ́ náà. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Sakaide, ó ti rẹ̀ mí, mo sùn.

Ọjọ́bọ̀, Sakaide àti Shamijima

Iyọ̀ ni wọ́n fi mọ Sakaide láyé àtijọ́, wọ́n á fa omi òkun wọ orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, oòrùn á fà á gbẹ. Báyìí, ilé-iṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ló gba etí òkun. Mi ò lọ wá ilé tí wọ́n bí Maitani sí kiri, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Ó yàtọ̀ sí ti Tokyo o. Òkun wà níwájú, òkè kéékèèké wà lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ ń ti ibi méjèèjì bọ̀, òjìji kì í dúdú jù.

Mo lọ sí Shamijima. Erékùṣù ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ dí omi tó wà láàárín, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn dé ibẹ̀ báyìí. Etí òkun kékeré kan wà níbẹ̀, afárá ńlá yẹn lókèèrè. Ìyá àgbà kan ń ṣa nǹkan láàárín òkúta, mo kí i, mo tẹríba, ó wo ọrùn mi, ó ní "Olympus!" Ó wá na ìka méjì, ó fi ṣe bí nǹkan kékeré, ó ní "Pen, Pen," ó ń fi ọwọ́ gbá àyà. Mi ò gbọ́ èdè Japan ju ìkíni lọ, àmọ́ ó yé mi pé Pen ti wà nílé wọn rí. Mo bèèrè pẹ̀lú ọwọ́ pé ṣé kí n ya yín, ó tún ìborí ẹ̀ ṣe, ó dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe lọ, torí òun gan-an ni ìdí tí mo fi ń gbé kámẹ́rà yìí. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìgbà yẹn, orí ni wọ́n gbé bọ́tìnì tó ń yan ìyára sí, èèyàn máa ní láti gbé ojú kúrò. Maitani fẹ́ kí kámẹ́rà ẹ̀ kúrú, ó wá gbé ẹ̀rọ tó ń darí ìyára lọ sí ìsàlẹ̀, lábẹ́ àpótí díńgí, ó fi òrùka yí ìdí lẹ́ńsì ká láti máa yí i. Nítorí náà gbogbo ẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ òsì: òrùka ìyára nídìí, èyí tó ń mú ojú àwòrán mọ́ láàárín, èyí tó ń ṣí lẹ́ńsì tó ń pa á dé lẹ́nu. Mo ti wà ní 1/500 àti f/5.6, abẹ́rẹ́ mítà dúró láàárín, ni ìkuukùu bá bo oòrùn, mo rí abẹ́rẹ́ náà tó já lọ sísàlẹ̀ lápá òsì, mo fi ìka yí òrùka lẹ́ẹ̀kan, kà, ó dé 1/250, abẹ́rẹ́ padà sókè. Ojú mi ò kúrò lára ìyá yẹn rárá. Ojú ihò OM-1 fẹjú, èèyàn á rí ohun tó ń yà bí ẹni pé kò sí nǹkan láàárín yín, mo rí i bí ẹ̀rín ṣe ń bọ̀ lójú ìyá kó tó dé ẹnu ẹ̀, ibẹ̀ ni mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà fún mi ní ọsàn kan. Mo dúpẹ́ títí.

Ọjọ́ Ẹtì

Udon ní àárọ̀, ìyẹn núdù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe. Àgbègbè Kagawa tí Sakaide wà ò fi udon ṣeré, ẹja gbígbẹ kéékèèké ni wọ́n fi se omi ọbẹ̀ ẹ̀, òórùn ẹ̀ rán mi létí ilé. Inú ilé udon ṣókùnkùn, èéfín ń lọ sókè látinú ìkòkò, mo ṣí lẹ́ńsì dé f/1.8, mo lo 1/30, mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. Lẹ́yìn náà mo gun òkè Iino-yama, gíga ẹ̀ jẹ́ mítà 422, ó ṣe ṣóńṣó bíi Fuji kékeré tí wọ́n fi sí àárín oko. Mo gùn ún tán, ọrùn ò dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Tokyo

Àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ lọ́jọ́ kan náà ṣì wà ní Tokyo, mo kó tèmi fún wọn láàárọ̀, mo gbà á nírọ̀lẹ́, ti dúdú-àti-funfun máa dúró di ìgbà tí mo bá délé kí n fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́. Òkè Fuji jáde, òpó iná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò burú. Ológbò jáde. Ilé udon ṣú díẹ̀ ní igun, èéfín náà hàn kedere. Èyí tí àbúrò mi fọwọ́ mú tí kò fẹ́ gbé sílẹ̀ ni ti ìyá Shamijima, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn." Mi ò ní àdírẹ́sì ìyá, àmọ́ àbúrò mi ní òun ń lọ Shikoku lọ́dún tó ń bọ̀, òun á mú un dání, òun á bèèrè létí òkun yẹn. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà méjì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó ti ní òun náà fẹ́ ra kámẹ́rà. A fi ìrọ̀lẹ́ wo ohun tó wà. Mo ní kó má torí owó lọ mú OM-10 ti 1979, kì í ṣe pé kò dáa, àmọ́ bátìrì ẹ̀ tó bá kú iṣẹ́ ti dúró nìyẹn, tó bá sì fẹ́ yan ìyára fúnra ẹ̀ àfi kó tún wá nǹkan kékeré kan rà kún un. OM-2 ti 1975 dáa gan-an, ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú fíìmù fúnra ẹ̀ nígbà tó ń yà á lọ́wọ́, òun náà ń jẹ bátìrì ṣá. Ó ní "OM-1 náà ni, ẹ̀gbọ́n." Ọjọ́ Ajé ló máa padà sí Nakano lọ́dọ̀ bàbá yẹn, mo ti fi bó ṣe máa yọ lẹ́ńsì kó sì wo gíláàsì òkè hàn án.